Ejò Tí Kò Sí Nínú Ìwé

"Ẹ máa gbé Bàbá lọ sílé," ni dókítà wí, ó ń fi ìdí bírò yí òkú ejò náà padà nínú ọ̀rá. "Ejò igi lásán nìyí, kò lóró. Ẹ fi ọṣẹ fọ ojú ibi tó ti bù wọ́n jẹ, ó parí."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. "Mo ti sọ fún ọmọ yìí. Abẹ́rẹ́ ti gún mi jù báyìí lọ láyé mi."

Ọmọ tí à ń wí kò bá a rẹ́rìn-ín. Eléjò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí iṣẹ́ ìwádìí tó ń ṣe. Òun ni í wọ inú igbó lọ mú ejò, á wọ̀n ọ́n, á ya àwòrán rẹ̀, á kọ ibi tó ti rí i sílẹ̀, kó tó tú u sílẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo ejò tí bàbá rẹ̀ lù pa láàárọ̀ yẹn níbi tó ti ń gé òdòdó ẹ̀bá ògiri. Ojú ejò náà tóbi. Ó fi ìka kan ẹ̀yìn rẹ̀, ìpẹ́ ibẹ̀ sì ń ha ọwọ́ bíi fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá. Ó dá a mọ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ gbé e kalẹ̀ nínú ìgò fún ogún ìṣẹ́jú, ká wò ó bóyá á dì."

"Àǹtí, ṣebí ara Bàbá le, ẹ̀yin náà rí i."

"Oró tèyí kì í kánjú. Á jẹ́ kéèyàn jẹun, á jẹ́ kó tún ṣe àwàdà, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Dókítà wo bàbá, ó wo ọmọ. Ọ̀dọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe agbéraga. Ó ní kí nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀.

Ogún ìṣẹ́jú ọ̀hún gùn bí ọdún. Bàbá ń ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì pé ẹni tó rán aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ èjìká rán. Ó fi áńkáṣífù nu ẹnu, áńkáṣífù náà sì pọ́n.

"Èrìgì mi ni," ló wí. "Ọ̀rọ̀ àgbà ni."

Nọ́ọ̀sì gbé ìgò náà, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ṣàn lọ, ó ṣàn bọ̀, bí omi.

Ọ̀rọ̀ di eré sísá. Oògùn apa-oró ejò tó wà nílé ìwòsàn náà kò ran oró irú ejò yìí. Dókítà pe ilé ìkóògùnsí tó wà ní olú-ìlú, ó sì jẹ́ kí ohùn ẹni tó gbé fóònù jáde sí gbangba kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ìgò mẹ́fà péré ló kù lọ́wọ́ mi," ni onítọ̀hún wí. "Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ejò wà níwájú mi. Ejò tí ẹ̀ ń wí yìí kò sí lágbègbè yín. Kò sẹ́ni tó rí i níbẹ̀ rí."

"Wọ́n rí i." Eléjò sún mọ́ fóònù. "Èmi ni mo rí i, ìgbà mẹ́tàlélógójì."

"Níbo lẹ wá kọ ọ́ sí?"

Ó kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà ilé ìwádìí, èyí tí ọ̀gá rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì pa. Gbogbo ìgbà tó bá bèèrè ìgbà tí wọn yóò fi í síta, ọ̀gá a ní, "Fara balẹ̀. Bá a bá gbé e síta kí ìwé wa tó jáde, oko tá a ro ni ẹlòmíràn á wá kórè." Òun náà sì gbà. Ṣebí orúkọ tirẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé ti ọ̀gá lára ìwé ọ̀hún?

Àwòrán àwọn ejò náà ṣì wà lórí fóònù rẹ̀. Ó sáré lọ sídìí fèrèsé, ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí olú-ìlú níkọ̀ọ̀kan, tọjọ́tọjọ́, tibitibi. Ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀yìn ọgbà ilé ìwòsàn yẹn gan-an ló ti yà á.

Nígbà tó yá, fóònù dún. "Ọkọ̀ ti gbéra. Wákàtí mẹ́rin."

Láàárín wákàtí mẹ́rin yẹn, ojú ibi tí ejò ti bu Bàbá jẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Báńdéèjì kan rin gbingbin, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, òmíràn tún rin. Bàbá dẹ́kun àwàdà.

"Ṣé mo máa kú ni?"

"Ẹ ò ní kú, Bàbá."

"Má tàn mí. Èmi kọ́ lò ń rẹ̀ bí ọmọdé."

Omi bọ́ lójú Eléjò. "Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Ẹn-ẹ́n." Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

Nọ́ọ̀sì, ìyá àgbàlagbà kan, wá pààrọ̀ báńdéèjì. Kò gbójú sókè nígbà tó bèèrè pé, "Ó tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti mọ̀ pé ejò yìí wà níbí?"

"Ó di ọdún kẹta."

"Lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn, bíríkìlà kan gbé tiẹ̀ wá báyìí, nínú ọ̀rá. A yẹ ìwé wò. A ní kò lóró, a ní kó máa lọ sílé." Ó ta báńdéèjì ní kókó. "Ọjọ́ kẹta ló kú. Ẹ̀jẹ̀ ò dá."

Ẹ̀rù tó ti ń ba Eléjò láti àárọ̀, ẹ̀rù ikú bàbá rẹ̀ ni. Èyí tó dé yìí kò ní oògùn tí ọkọ̀ kankan lè gbé bọ̀.

Oògùn dé kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n fa ìgò mẹ́rin sí Bàbá lára. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ mìíràn, ó sì tún yí ìgò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ náà dì mọ́ ìdí ìgò, kò mira. Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá ní kí wọ́n bá òun wá abẹ́rẹ́ àti òwú, òun fẹ́ tún èjìká aṣọ nọ́ọ̀sì ṣe.

Ọjọ́ yẹn náà ni ọ̀gá pè.

"Mo rí i pé gbogbo àkọsílẹ̀ wa ti wà lórí ìkànnì, tí gbogbo ayé ń kà á. Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, ọ̀gá. Ìwé tí mo fi ń ṣàkọsílẹ̀ nínú igbó ni mo dà kọ."

"Bàbá rẹ ń ṣàìsàn, mo gbọ́. Àwòrán tó o fi ránṣẹ́ torí tiẹ̀, mo lè gbójú fò ó. Àmọ́ gbogbo rẹ̀?"

"Ara Bàbá mi ti yá kí n tó gbé ìyókù síta, ọ̀gá."

"Má wulẹ̀ padà wá síbi iṣẹ́."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ó fi fóònù sápò, ó sì lọ bá nọ́ọ̀sì nídìí tábìlì rẹ̀. "Bíríkìlà yẹn, ṣé ó níyàwó?"

"Ó ní. Ilé tí ọkọ rẹ̀ ń kọ́ lọ́wọ́ kó tó kú ló ń gbé, ìdajì rẹ̀ ò tíì ní òrùlé. Kí lẹ fẹ́ wí fún un?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Ó lè lé yín jáde o."

"Bó bá lé mi, kò jẹ̀bi."

Nọ́ọ̀sì ya bébà kan, ó kọ ọ̀nà ibẹ̀ sí i. Eléjò kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bèèrè ibi tí òun yóò ti yà, ó sì jáde.