Ẹgbẹ́ Òǹkàwé Tí Kò Rí Ìwé Kà

Ìyá ọkọ Corinne Haskell ní ìbéèrè kan tí kì í gbàgbé sílé. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti jókòó ti tòlótòló Ọjọ́ Ìdúpẹ́, yóò da ọbẹ̀ sórí ẹran, yóò wo Hattie, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí Corinne ń kọ́ níwèé nínú ilé, yóò wá ní, "Ọmọ yìí tiẹ̀ ní ọ̀rẹ́?" Corinne á ní ó ní. Hattie, tí kò mọ irọ́ í pa, á sì fi kún un pé Mabel lorúkọ ọ̀rẹ́ òun, pé ó ti ń yé ẹyin báyìí.

Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Corinne náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún wọ eegun. Ó lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ó lè kọ́ ọ ní ìtàn ilẹ̀ Gíríìkì kí ẹ̀rọ ìfọṣọ tó dúró, àmọ́ kò sí bó ṣe lè jókòó sídìí tábìlì kó kọ́ ọmọ ní ọ̀rẹ́.

Ìdí nìyẹn tó fi tọ Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, olùtọ́jú ilé ìkàwé Pell Creek, lọ, pé òun fẹ́ dá ẹgbẹ́ òǹkàwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí òbí ń kọ́ nílé. Pruitt fún un ní yàrá abẹ́ ilé ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì kìlọ̀ fún un pé bí ẹgbẹ́ náà bá fi lè tú ká pẹ́nrẹ́n, àwọn ìyá àgbà tó ń rán kúbùsù ti ń wá yàrá náà lójú méjèèjì.

Àwọn ìyá dé. Àwọn wọ̀nyí ló yọ ọmọ kúrò nílé ìwé nítorí wọn ò fẹ́ kí ìgbìmọ̀ kankan jókòó síbì kan máa pinnu ohun tí ọmọ wọn máa kà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n yan ìgbìmọ̀. Wọ́n fi Corinne ṣe alága, wọ́n ní ìwé kankan kò ní wọlé àfi tí ẹnu gbogbo ìyá bá kò lé e lórí. Wọ́n wá lé àwọn ọmọ sí yàrá kejì, níbi tí wọ́n ń kó ìwé àlòkù sí, kí wọ́n máa ṣeré jẹ́ẹ́jẹ́ títí ìwé yóò fi wà.

Joelle, ìyá ọlọ́mọ méje, tí yẹ̀rì jíǹsì rẹ̀ ń gbálẹ̀, kò fẹ́ idán, kò sì fẹ́ ọmọ tó ń dá ìyá lóhùn. Bree ní tirẹ̀ kì í kọ́ ọmọ ní nǹkan kan, ó ní ọmọ á mọ ohun tó bá wù ú nígbà tó bá wù ú. Ó ní ìfìyàjẹni gbáà ni kí àgbà máa yan ìwé fún ọmọdé, kò sì pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ níbi tí wọ́n ti ń yàn án. Òun ò fẹ́ ẹran jíjẹ, kò fẹ́ ikú. Corinne gbé ìtàn ajá kan wá. Joelle bi í bóyá ajá náà ń sọ̀rọ̀. Bree bi í bóyá wọ́n so ó mọ́lẹ̀. Ajá náà ò sọ̀rọ̀, wọn ò so ó, àmọ́ ó kú ní orí tó kẹ́yìn, ìwé náà sì kú pẹ̀lú rẹ̀.

Oṣù Kẹsàn-án lọ, Oṣù Kẹwàá tẹ̀ lé e, wọ́n jẹ búrẹ́dì elégédé tó lè kọ́lé, wọn ò rí ìwé. Nígbà tí Ọjọ́ Ìdúpẹ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sú Corinne. Ó dìde pé kí òun lọ pe Hattie, kí àwọn máa relé, kí òun dá kọ́kọ́rọ́ padà fún Pruitt, kí àwọn ìyá àgbà máa rán kúbùsù wọn.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó yọjú sí yàrá kejì. Àwọn ọmọ jókòó nílẹ̀ yí ìwé gbàǹgbà kan ká, ìwé àlòkù nípa àrùn ewúrẹ́, àwòrán ló kún inú rẹ̀. Orion, ọmọ Bree, dùbúlẹ̀ bí ewúrẹ́ tí inú rẹ̀ wú, ó ń ké. Keziah, àkọ́bí Joelle, ń ka ìtọ́jú rẹ̀ sókè. Hattie sì kúnlẹ̀, ó gbé etí lé ikùn ewúrẹ́.

"Kò ní kú," Hattie ní. "Mo ti sọ fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ò gbọ́."

"Àá máa wò ó," Keziah dá a lóhùn. "Wá jókòó tì mí. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ojú ewé ti aràn, ìwọ ni mo tọ́jú ẹ̀ fún."

Omi bọ́ lójú Corinne. Ìwé náà ní gbogbo ohun tí ìgbìmọ̀ kọ̀: ikú wà níbẹ̀, ẹran wà, okùn ọrùn wà, ojú ewé kan sì ń ṣàlàyé bí òbúkọ ṣe ń gun abo. Bí Joelle bá rí i, wọ́n á sáré wá omi tútù tí wọ́n máa dà lé e lórí. Corinne rọra fà sẹ́yìn, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ó dé ìdí tábìlì, ó bá iṣẹ́ ìyanu. Joelle àti Bree ti fẹnu kò. Ìwé pẹlẹbẹ kan ni, nípa ọmọdékùnrin kan tó lọ ká ápù. Kò sí idán, kò sí ẹran, ẹnikẹ́ni ò kú, ká má parọ́, ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀. Joelle ti ń dìde. Ó ní kí wọ́n pe àwọn ọmọ wá jókòó sórí àga, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Corinne sáré dí ọ̀nà yàrá kejì mọ́ ọn. Ó gba ìwé náà, ó ṣí i.

"Ẹ dúró ná," ó ní. "Ọmọ yìí jẹ ápù kan kó tó tọrọ ààyè lọ́wọ́ ìyá ẹ̀."

Joelle padà jókòó.

"Ààyè kí ló fẹ́ tọrọ?" Bree béèrè. "Ṣé òun kọ́ ló ni ẹnu ẹ̀ ni?"

Ó parí nìyẹn. Corinne gé búrẹ́dì elégédé fún ara rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga. Wọ́n fà á títí di ọ̀sán. Nígbà tí Pruitt yọjú pé ṣé wọ́n ti rí ìwé, alága ní ó kù díẹ̀, kó ṣáà fi yàrá sílẹ̀ fún àwọn di ìgbà ooru.

Ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́, ìyá ọkọ da ọbẹ̀ sórí ẹran, ó wo Hattie, ó béèrè ìbéèrè rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Corinne fi ìdáhùn sílẹ̀ fún ọmọ náà.

"Mo ní," Hattie dáhùn. "Keziah lorúkọ ẹ̀."

Ìyá àgbà ṣẹ́jú sí àwọn tó kù. "Adìyẹ mìíràn tún nìyẹn?"

"Rárá, Màmá àgbà," ọmọ náà ní. "Èèyàn ni."