Olú Tó Fẹ́ Pe Ìrun

Láwàlì ọ̀rẹ́ mi, mo lálàá pé mo kéré ju èèrà lọ, mo ń rìn nínú ọ̀fun ara mi tí mo fi ń pe ìrun. Àwọn yàrá kéékèèké tó para pọ̀ di ẹran ara kún ibẹ̀. Olú tí nọ́ọ̀sì ní ó hù sí mi lọ́fun ń tu oró sí wọn, oró náà ń dá ògiri wọn lu, omi inú wọn ń dà. Yàrá kan yọjú:

“Ladaani, à ń jò, ìwọ ń gba ààwẹ̀ nọ́fílà tí kì í ṣe dandan. Oògùn rẹ dà?”

Mo ní ó di ìṣínu.

“Ta ni yóò wá pe ìrun Jímọ̀?”

Ni olú bá fọwọ́ méjèèjì di etí, ó wúkọ́ kí ohùn rẹ̀ lè là.

Ẹ̀rín ló jí mi. Alihamudulilahi. Ọlọ́run ti yọ̀ǹda aláìsàn nínú ààwẹ̀. Bá mi bu omi wá, kí n lo oògùn.