Ìràwọ̀ Tí Wọ́n Pè Lágàn

Agídí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ wọn, níbi tí wọ́n ti ń fi awò ńlá wo ojú ọ̀run, orúkọ náà kò sì dùn ún rí. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo ló dojú kọ, ìràwọ̀ kékeré tí eruku ṣì tẹ́ yí ká. Inú irú eruku bẹ́ẹ̀ ni ayé tuntun ti máa ń dì, díẹ̀díẹ̀. Agídí rí àmì dúdú kan nínú àwòrán eruku náà, níbi tí kò gbóná jù, tí kò tutù jù, tí omi lè jẹ́ omi. Ó ní ayé kan ló ń dàgbà níbẹ̀, òun ló ń gbá eruku kúrò lọ́nà ara rẹ̀.

Ọ̀gá wọn fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá yìí fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́, àwọn náà ni wọ́n sì ti sọ fáyé gbọ́ pé àgàn ni irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìdọ̀tí ojú kámẹ́rà ni, kó pa àmì náà rẹ́ kí ìpàdé ọjọ́ Ẹtì tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó wáṣẹ́ síbòmíì. Inú bí Agídí débi pé tíì tó bù tutù mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí ni ẹni tó ń wá ìyè lójú ọ̀run ń bẹ̀rù ọmọ tuntun sí?

Kò pa nǹkan kan rẹ́. Ó pe àwọn tó ń darí awò ńlá náà, ó ní kí wọ́n yí kámẹ́rà rẹ̀ sódì, kí wọ́n tún ìràwọ̀ náà yà. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ni, yóò bá kámẹ́rà yí, iṣẹ́ Agídí a sì bọ́. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ kí àwòrán náà tó dé. Kò kọ́kọ́ dá a wò. Ojú ògiri ló gbé e sí tààrà.

Ọ̀gá kọjú sí i. “Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.”

“Àkísà yín pọ̀ lóòótọ́, sà.” Agídí nawọ́ sí ògiri. “Àmọ́ ẹ má fi bo ọmọ tuntun lójú.”

Àwòrán ṣí. Ìlà tó ha ojú kámẹ́rà, tí gbogbo wọn mọ̀ sí apá òkè, ti bọ́ sísàlẹ̀. Àmì dúdú náà kò kúrò láàyè rẹ̀.

Ọ̀gá wò ó títí. Wọ́n wá bi Agídí pé ta ló fún un láṣẹ láti yí kámẹ́rà.

“Ẹ̀yin ni, sà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débí, ẹ ní ohun tó bá bá kámẹ́rà yí, ti kámẹ́rà ni. Èyí ò yí. Ìràwọ̀ tẹ́ ẹ pè lágàn ti bímọ.”

Ó fa àga rẹ̀, ó jókòó, kò sì tọrọ àforíjì.