Píà Inú Àpò Bàbá Ṣèyí

Kí Motọ́lání, ìyàwó Ṣèyí ọmọ rẹ̀, tó kó wá sí ìlú Ìṣẹ́, Hannah kò mọ̀ pé wọ́n ń fi ata sí píà. Bí wọ́n ṣe ń jẹ píà nílé baba rẹ̀ kò ju kí wọ́n là á, kí wọ́n bu iyọ̀ lé e, kí wọ́n fi ti búrẹ́dì bí búrẹ́dì bá wà. Motọ́lání ló fi hàn án nínú fóònù bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ mọ́ àlùbọ́sà, tòmátì, ata rodo àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Gúàkámólè ni Motọ́lání pè é. Ahọ́n Hannah kò gba orúkọ náà, ló bá sọ ọ́ ní píà aláta. Ewé kan wà tí wọ́n ń rẹ́ sí i tí kò sí lọ́jà Ìṣẹ́, efinrin ni Hannah fi rọ́pò rẹ̀, Motọ́lání sì ní ti ìyá ọkọ òun dùn ju ti inú fóònù lọ.

Oyún Motọ́lání ti wọ oṣù kẹfà. Méjì ti bàjẹ́ ṣáájú rẹ̀. Èkíní bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ìjì ṣí òrùlé ilé ìdáná wọn. Èkejì bàjẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, imọ̀ ọ̀pẹ ṣì wà lọ́wọ́ Hannah nígbà tí wọ́n wá pè é jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn èyí ni Ìyá Títílọpẹ́, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, fa Motọ́lání sí kọ̀rọ̀, ó bi í pé, "Ta ló ń dáná fún ọ?" Motọ́lání ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń rò ó fún ìyá ọkọ rẹ̀. Hannah bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bó bá ti gbé oúnjẹ síwájú ọmọ yìí, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́.

Nínú oyún tuntun yìí, gbogbo oúnjẹ ló ń rùn sí Motọ́lání àfi píà. Igi píà wà nínú oko kòkó wọn lọ́nà Emùré. Hannah ká a ní líle, ó rù ú wálé, ó kó o sínú àpò kan tó bá ní yàrá tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ oko sí, ó sì di ẹnu àpò náà kí ooru lè mú wọn rọ̀. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n rọ̀. Ó fi etí ìró nù wọ́n, ó là wọ́n, ó fọ́ wọn, ó po gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tọ́ ọ wò, ó sì kó ìpékeré sí ẹ̀gbẹ́ abọ́.

"Màmá, ẹ fẹ́ sọ mí di àgbá," ni Motọ́lání wí, ó ń fi ìpékeré bù ú.

"Jẹun, jàre. Ọmọ inú ẹ ni mò ń bọ́. Ìwọ kàn ń bá a di abọ́ mú ni."

Kò pẹ́ tí Gbádégẹṣin, ọkọ Hannah, ti ìpàdé àwọn àgbẹ̀ kòkó dé. Ó wọ yàrá irinṣẹ́, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ láti ibẹ̀.

"Ìyá Ṣèyí, àpò tí mo ká sẹ́yìn ilẹ̀kùn ńkọ́?"

"Àpò wo?"

"Èyí tó ní ìlà pupa. Oògùn kòkó dà sínú rẹ̀ nígbà tí mo ń bọ̀ ní ulé. Mo ní n óò jó o, mo gbàgbé."

Hannah wọlé tọ̀ ọ́. Òórùn oògùn kòkó ni yàrá náà máa ń rùn tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí imú rẹ̀ kò fi sọ nǹkan kan fún un. Ó fa àpò náà síbi ìmọ́lẹ̀, ó tú u. Àwọn èèrà ti kú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ìyẹ̀pẹ̀ dúdú tí ẹnì kan dà síbẹ̀. Aáyán kan dojú sókè láàárín píà tó kù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì ń mì.

Hannah mọ oògùn yẹn. Ní ọdún tí wọ́n bí Ṣèyí, afẹ́fẹ́ yí padà nígbà tí Gbádégẹṣin ń fín kòkó. Orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gbé e sí wálé, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bí ọmọ tó ń hu eyín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn adìyẹ tó mu omi tí wọ́n fi fọ aṣọ rẹ̀ kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Ṣé ó ti jẹ ẹ́?" ni Gbádégẹṣin bi í, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ó ti jẹ ẹ́."

"Dákẹ́ ná. Jẹ́ ká máa wò ó títí di ìrọ̀lẹ́. Èèyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní..."

Kò parí rẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ ọ̀rọ̀ tó kù.

Hannah padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó. Motọ́lání tutọ́ sínú ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí oyún náà ti dé ló ti ń tutọ́ bẹ́ẹ̀. Báwo ni Hannah yóò ṣe mọ itọ́ oyún yàtọ̀ sí itọ́ oògùn? Bó bá dákẹ́, tí nǹkan kan kò sì ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́. Bó bá sọ̀rọ̀, Ìyá Títílọpẹ́ ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀.

Motọ́lání fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ata yín pọ̀ lónìí, Màmá. Ẹ wo bómi ṣe ń bọ́ lójú mi."

Hannah fò dìde.

"Dìde," ló wí. "Àpò tí mo kó píà sí, oògùn kòkó ti dà sínú rẹ̀. N kò mọ̀. Àfi ká lọ sílé ìwòsàn nísinsìnyí."

Motọ́lání wo abọ́, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn.

"Ẹ̀yin náà jẹ níbẹ̀?"

"Mo tọ́ ọ wò."

"Títọ́ wò kọ́ ni mo bi yín, Màmá."

Ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀ abọ́. Hannah fa abọ́ náà mọ́ra, ó fi ìka họ ọ́, ó sì fi sẹ́nu. Ó gbé e mì. Motọ́lání ń wò ó. Kò dá a dúró.

Gbádégẹṣin sáré wá ọlọ́kadà. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tan iná sí ojú àwọn méjèèjì, ó gbọ́ bí ikùn Motọ́lání ṣe ń dún.

"Ẹ fọ píà náà kí ẹ tó là á?"

"Mo nù ún."

"Nínù kì í ṣe fífọ̀, Màmá. Ọ̀bẹ á ti gbé ohun tó wà lára èèpo wọnú."

Ó dá wọn dúró sórí ibùsùn tó kọjú síra. Nígbàkúùgbà tí Motọ́lání bá tutọ́, Hannah á gbé orí sókè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, nọ́ọ̀sì ní ọkàn ọmọ náà ń lù dáadáa, kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ. Kò sọ pé oògùn kò wọ ara. Hannah kò lè bi í.

Hannah fẹ́ pa ìdáná tì pátápátá, Motọ́lání kò gbà. "Bí ẹ kò bá dáná fún mi mọ́, wọ́n á ní ìjà ti dé." Nígbà tí Ìyá Títílọpẹ́ sì tún béèrè lẹ́yìn ìsìn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pé ta ló ń dáná fún un, Motọ́lání dá a lóhùn lójú gbogbo wọn pé, "Ìyá ọkọ mi ni. Ta ni kí ó tún jẹ́?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Hannah fi ọṣẹ fọ píà, ó fọ́ ọ, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó gbé e wá. Motọ́lání kí i dáadáa. Ó wá fi ìka kan ti abọ́ náà padà síwájú Hannah.

"Ẹ bá mi tọ́ ọ wò, Màmá, bóyá iyọ̀ tó."

Hannah bù ú, ó gbé e mì. "Ó tó."

Motọ́lání mi orí. Kò tíì na ọwọ́. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ọwọ́ lórí ikùn, ojú lára ẹnu ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń dúró.

Hannah tún bù ú.