Iṣu Tuntun ní Tábìlì Kẹrin

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ fún ara yín láyè. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọlé. Ẹni tó pọn ọmọ, sọ ọmọ kalẹ̀ kó o lè fi etí méjèèjì gbọ́. Ọ̀rọ̀ iṣu ni, ṣùgbọ́n ó korò.

Festus ti gbé abọ́ náà sókè kí gbogbo ilé oúnjẹ lè rí i.

"Abọ́ ta nìyí?"

Igba akẹ́kọ̀ọ́ na ọrùn wò ó lórí bẹ́ǹṣì. Iṣu sísè mẹ́ta ló wà nínú abọ́ náà. Epo ti dì sí i lára, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Mo ní abọ́ ta nìyí? Àbí iṣu náà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sórí tábìlì kẹrin?"

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Modúpẹ́ dìde dúró.

"Tèmi ni."

"Mo mọ̀ pé tìẹ ni. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni." Festus, ẹni tí wọ́n fi ṣe alábòójútó oúnjẹ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, fa gègé yọ létí, ó kọ orúkọ rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí o. Ó ku ẹyọ kan péré."

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ kan tó wà lójú ọ̀nà Ìkọ̀lé ni, ọdún kẹta lẹ́yìn tí a gba òmìnira. Ẹni tí kò bá gbé inú ọgbà, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ń gbé inú ọgbà, ohun tí ilé ìdáná bá sè ni yóò jẹ. Kò gbọdọ̀ ní ìkòkò tirẹ̀, kò gbọdọ̀ ní sítóòfù, kò gbọdọ̀ fi gààrí sínú àpótí. Bí ẹnìkan bá fi oúnjẹ sílẹ̀ láìjẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín sáà kan, wọn á kó ẹrù rẹ̀ jáde kúrò ní bọ́dìn, bí ẹrù bá sì ti jáde, ẹ̀kọ́ ti parí. Òfin náà kò le tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún tó ṣáájú ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan da ẹ̀wà oníkòkòrò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Adétúnjí, pírínsípà wọn. Ọjọ́ yẹn ló búra pé kò sí ọmọ tí yóò tún fi oúnjẹ wọ́ òun nílẹ̀.

Modúpẹ́ wà ní ọdún tó kẹ́yìn. Ọmọ ìlú Orin ní Èkìtì ni, òun ló sì máa ń lé orin nínú ṣọ́ọ̀ṣì ilé ìwé. Bó bá la ohùn, àwọn tó ń kọjá lọ sóko lójú títì á dúró. Ohun tó kù fún un kó tó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ kò ju oṣù márùn-ún lọ.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ bá Nímọ́tà tó ń se oúnjẹ, ẹni tí gbogbo ọgbà ń pè ní Ìyá Mùsílíù. Ìyá náà ń fi iyanrìn ha ìdí ìkòkò.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú iṣu mi ni?"

"Rárá o, Ìyá. Òórùn rẹ̀ lásán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

"Kí ló wá dé tó ò jẹ ẹ́? Kí n rí ọmọ tí ebi ń pa, kó máa wo iṣu bí ẹni wo ejò!"

"Iṣu tuntun ni, Ìyá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Iṣu tuntun kọ́ ló dùn jù?"

Modúpẹ́ jókòó lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. "Nílé tiwa, ẹnìkan ló máa ń kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ kan iṣu tuntun lọ́dún, kí gbogbo ẹbí tó jẹ ẹ́. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ọ̀bẹ náà wà fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Wọ́n kú nínú ọyẹ́ tó kọjá. Ó wá kan bàbá mi. Ọdún yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ dì í mú."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Bí ẹni tó fẹ́ gé e, tàbí ọmọ rẹ̀, bá tọ́ ọ wò ṣáájú ọjọ́ náà, ọ̀bẹ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó di ti ilé kejì, ọ̀dọ̀ Bàbá Fọlọ́runṣọ́. Kò sì ní padà sọ́wọ́ bàbá mi mọ́ títí ayé wọn."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa gé e?"

"Ìparí oṣù kẹjọ."

Ìyá Mùsílíù ju iyanrìn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ oṣù keje ni! Iṣu ni mò ń sè lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀!"

"Mo mọ̀. Àníkẹ́ tó jókòó tì mí ló ń bá mi jẹ tèmi tẹ́lẹ̀. Festus rí wa, ó lé e lọ sí tábìlì mìíràn."

"Jẹ ẹ́ ní tìẹ, jàre. Ta ni yóò lọ sọ fún wọn ní Orin?"

"Èmi ni. Bí bàbá mi bá bi mí léèrè, mi ò lè purọ́ fún wọn. Wọ́n sì máa bi mí."

Ìyá Mùsílíù mi orí. "Wàláhì, orí yín le lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n àwa náà ní ohun tí a kì í jẹ, kò sí ẹni tó lè fi pàṣán mú wa jẹ ẹ́. Ó yé mi." Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kókò ni n óò bù sí tìẹ lọ́jọ́bọ̀. N óò da ata bò ó. Ṣáà tẹ orí ba abọ́ kó o sì yára jẹ ẹ́."

Lọ́jọ́bọ̀, Modúpẹ́ tẹ orí ba abọ́, ó sì ń yára jẹ ẹ́. Òkèlè kẹta ni kókò yọ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó yí gbirigbiri lórí tábìlì, ó lọ dúró síwájú Festus gan-an.

Festus fi ìka méjì mú un sókè. "Ẹ bá mi wò ó. Iṣu wo ló láwọ̀ eérú báyìí? Iṣu wo ló ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin lu tábìlì, ó gbé orin, àwọn yòókù sì gbà á bí ìgbà tí wọ́n ti ń dúró dè é:

"Modúpẹ́ ò jẹṣu o,
Jẹ ẹ́, jẹ ẹ́!
Kí ló so ó lẹ́nu o?
Jẹ ẹ́, jẹ ẹ́!
Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké níkùn rẹ̀,
Jẹ ẹ́, jẹ ẹ́!"

Orin náà dùn, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Modúpẹ́ fúnra rẹ̀ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lu ilẹ̀ sí i kó tó mọ̀.

Ní ọ́fíìsì, Ọ̀gbẹ́ni Adétúnjí dúró, Ìyá Mùsílíù kúnlẹ̀, Modúpẹ́ kúnlẹ̀.

"Ìyá Mùsílíù, ṣé ìwọ lo ń darí ilé ìwé yìí báyìí ni?"

"Ẹ jọ̀wọ́, Ọ̀gá. Ọmọ bíbí inú mi ni mo fi í ṣe."

"Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n, sà," Modúpẹ́ wí. "Ẹ má fìyà jẹ wọ́n."

"Dákẹ́! Ìwọ tó ń lé orin fún Ọlọ́run ní òwúrọ̀, ìwọ lo tún ń bẹ̀rù iṣu lọ́sàn-án? Kíláàsì wo lo fẹ́ kọ́ pẹ̀lú irú orí yẹn?"

"Mi ò bẹ̀rù iṣu, sà. Bàbá mi ni mi ò fẹ́ kó ìtìjú bá."

"Ó dáa. Sátidé ni ọjọ́ ìbẹ̀wò. N óò ránṣẹ́ sí bàbá rẹ. Yálà kó o jẹ iṣu lójú rẹ̀, tàbí kó gbé àpótí rẹ lérí lọ sílé."

Oyèbánjí, bàbá Modúpẹ́, bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rí lọ́jọ́ Sátidé tòun ti àpò kan léjìká. Aṣọ òfì tó fi lọ sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wọ̀. Modúpẹ́ kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu géètì.

"Dìde, ọmọ mi. Èé ṣe tó o rù báyìí? Ṣé ebi ni wọ́n fi ń kọ́ yín níwèé níbí ni?"

Modúpẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

Pírínsípà fún bàbá náà ní àga, kò fún ọmọ. Ó fa ìwé àdéhùn ọjọ́ tí Modúpẹ́ wọlé ẹ̀kọ́ yọ. "Ẹ̀yin lẹ tẹ ìka síbí, àbí ẹ̀yin kọ́?"

Oyèbánjí wò ó. Àpá àdá tó dá àtàǹpàkò rẹ̀ sí méjì hàn gbangba nínú íǹkì náà. "Èmi ni. Kò sí ẹlòmíràn tó ní irú ìka yìí."

"Wọ́n ka ohun tó wà níbẹ̀ fún yín?"

"Wọ́n kà á. Ọmọ mi á sùn níbi tẹ́ ẹ bá ní kó sùn. Á jẹ ohun tẹ́ ẹ bá sè."

"Ẹ kò sì ní ká yọ iṣu kúrò."

"N kò rántí uṣu lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀bẹ wà nígbà yẹn." Ó fọwọ́ kan àpò tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ méje péré ló kù, Ọ̀gá. Mo kó uṣu èṣí méjìlá wá. Ẹ bá mi máa sè é fún un lọ́jọ́ uṣu. Ẹ̀yin náà ọmọ Èkìtì ni, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ."

Pírínsípà gbé ojú kúrò. "Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá sè ti ọmọ yín lọ́tọ̀ lónìí, ẹlòmíràn á ní òun ò jẹ ẹ̀wà lọ́la. Igba ọmọ ló wà lọ́wọ́ mi, Bàbá. Ìkòkò kan ni mo ní."

Bàbá náà ti àpò náà sẹ́yìn. Níta, agogo oúnjẹ lu. Ẹsẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dún lọ lórí òkúta wẹ́wẹ́.

"Bí ẹ bá lé e, ṣé ibòmíràn á gbà á kó parí rẹ̀?"

"Kò dájú. Wọ́n á bèèrè ìdí tó fi kúrò níbí."

"Ó yé mi." Oyèbánjí ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. "Ṣé àlejò lè bá wọn jẹun?"

Ọ̀gbẹ́ni Adétúnjí tújú ká. "Kí ló dé tí kò fi lè jẹun? Ọjọ́ ìbẹ̀wò ni!"

Tábìlì kẹrin sún fún un. Ìyá Mùsílíù fúnra rẹ̀ ló gbé abọ́ wá, ooru ń yọ lára iṣu. Ó gbé ọ̀kan síwájú ọmọ, ó gbé ọ̀kan síwájú bàbá. Festus dúró sẹ́yìn wọn pẹ̀lú gègé létí.

Oyèbánjí bu omi, ó fọ ọwọ́ bí ẹni tí kò ní ìkánjú.

"Bàbá," Modúpẹ́ sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ẹ jọ̀wọ́. Mo lè máa rán aṣọ."

"Jókòó."

"Ẹ má jẹ ẹ́, Bàbá."

"Gbọ́ mi. Bí ìwọ bá kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ìwọ lo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Wàá máa rò ó títí irun orí rẹ á fi funfun, àwọn ará ulé á sì máa rán ọ létí. N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó mú iṣu kan, ó fi pa epo. "Èmi ni mo fi í sílẹ̀. Kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi."

Ó gbé e sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Ó mú èkejì.

"Ó dùn," ó sọ fún Ìyá Mùsílíù, tó ti yí ojú sí ògiri. Lẹ́yìn náà ló wo ọmọ rẹ̀. "Jẹun, Modúpẹ́. Mo ti ṣáájú rẹ."

Modúpẹ́ jẹ ẹ́. Omijé ń kán sínú epo, ó ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kò fi èyí tó kéré jù lọ pàápàá sílẹ̀. Festus tẹjú mọ́ abọ́ náà títí ó fi mọ́, ó sì lọ jókòó sídìí tirẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Adétúnjí pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo bàbá tí ojú rẹ̀ là! Irú bàbá báyìí la ń fẹ́ nílẹ̀ yìí! Modúpẹ́, gbé orin ọpẹ́ fún wa."

Gbogbo wọn dìde. Modúpẹ́ gbé ohùn sókè, kì í ṣe orin tó wà nínú ìwé kankan:

"Ẹni tó gbìn ín, a dúpẹ́ o,
Ẹni tó sè é, a dúpẹ́,
Ẹni tó fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún wa ńkọ́,
Kí la ó wí fún un o?"

Wọ́n gbà á, ọkùnrin lálẹ̀, obìnrin lókè. Ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí pírínsípà ní kí wọ́n tún un kọ. Oyèbánjí nìkan ni kò gbà á. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó nu epo kúrò níbẹ̀.

Lẹ́bàá títì, ó gbé iṣu èṣí méjèèjìlá fún Ìyá Mùsílíù. "Sè é fún àwọn ọmọ tìẹ. Kò wúlò fún mi mọ́." Ìyá náà kúnlẹ̀ gbà á.

Lọ́rí dé. Ọmọ ọkọ̀ kígbe, "Orin! Ìdó! Bàbá, ibo lẹ ń bọ́ sí?"

"Bá mi dúró níwájú ulé Fọlọ́runṣọ́, kẹ́ ẹ tó dé tèmi."

"Bàbá, ẹ sinmi lónìí ná," Modúpẹ́ wí.

"Rárá. Ẹnu mi ni kó ti gbọ́ ọ. Ọ̀bẹ náà sì ti dípẹtà, ó yẹ kí n sọ fún un kó tètè máa pọ́n ọn."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè sínú ọkọ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. "Inú kò bí mi. Mo yó."

Òótọ́ ló sọ. Pírínsípà yó, ó ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ta eyín lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Festus yó, ó gba àfikún lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí abọ́ kan tó padà sí ilé ìdáná tòun ti oúnjẹ lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn ló mọ́ fóó. Àwọn òbí tó wá bẹ ọmọ wọn wò yó pẹ̀lú, wọ́n ń fọwọ́ pa ikùn, wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà, wọ́n sì gun ọkọ̀, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.