Àga Tó Ga Ju Ti Ọ̀gá Lọ

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá ní ògiri lẹ́yìn, kó fẹ̀yìn tì í. Ẹni tí kò bá ní, kó na ẹsẹ̀ dáadáa. Ìtàn ìjókòó ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹni tí ara ń ro kò sì ní gbádùn rẹ̀.

Nígbà tí a ṣì ń ná pọ́ùn àti ṣílè, ọ́fíìsì ìjọba kan wà ní Èrúwà. Gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Yẹ́misí, jókòó sí òkè gbọ̀ngàn. Babáfẹ́mi, akọ̀wé tó tẹ̀ lé e, jókòó sí àárín. Tinúkẹ́ taípíìsì jókòó sí ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà, níbi tí eruku mọ́tò Igbó-Ọrà ti ń kí i kó tó kí ẹnikẹ́ni. Bàbá Yẹ́misí kò ga. Mi ò bú u o. Ohùn ni Ọlọ́run kó ìyókù gíga rẹ̀ sí.

Tábìlì tí ìjọba gbé fún Tinúkẹ́ ga débi pé alápatà lè dúró gé ẹran lórí rẹ̀. Àga rẹ̀ sì kéré bí àpótí ìdáná. Bó bá jókòó, àyà rẹ̀ ló dojú kọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Èjìká a gòkè lọ bá etí, ọrùn ọwọ́ a ká kò bíi ti ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kò lè fún aṣọ mọ́. Màmá rẹ̀, Salome, ló ń bá a wé gèlè láràárọ̀ bí ìyàwó tuntun. Wọ́n fi òrí ra á, wọ́n fi àdín ra á, títí àwọn ará ilé fi ń béèrè bóyá wọ́n fẹ́ dín in jẹ ni.

Nọ́ọ̀sì kan ní Igbó-Ọrà ló bi í bó ṣe ń jókòó níbi iṣẹ́. Ó ní kí igbọ̀nwọ́ rẹ̀ bá ẹ̀rọ dọ́gba, kí ẹ̀yìn rẹ̀ rí nǹkan fara tì, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣe rọ̀ dirodiro. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ náà yóò kọ iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rù ba Tinúkẹ́. Ọwọ́ méjèèjì yìí ló ń bọ́ òun àti màmá rẹ̀, ìjọba kò sì tíì gba taípíìsì tó ń fi ẹnu tẹ̀wé.

Ó gbé tìmùtìmù wá láti ilé, ó jókòó lé e. Bàbá Yẹ́misí gbójú sókè, ó rí i pé gèlè Tinúkẹ́ ti kọjá fìlà òun. Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò. Gèlè ṣì wà lókè.

"Tinúkẹ́, ta ni ọ̀gá nínú ilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ìjókòó ta ló yẹ kó ga jù?"

"Tiyín ni, sà. Ọwọ́ ló ń dùn mí, sà."

"Ọwọ́ ló ń dùn ọ́, o wá gbé ìdí gòkè. Ṣé ìdí lo fi ń tẹ̀wé ni?"

Babáfẹ́mi rín ẹ̀rín tó yẹ kí ẹni tó ń retí ìgbéga rín.

Ẹ má bínú sí Bàbá Yẹ́misí. Nílẹ̀ wa níbí, bí àgbà bá jókòó lórí ẹní, ọmọdé kì í gun àga. Ilé bàbá rẹ̀ ní Igangan ló ti kọ́ ọ, gbogbo ìwé tó kà lẹ́yìn náà kò sì pa á rẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ni pé tábìlì kì í dọ̀bálẹ̀ fún àgbà.

Tinúkẹ́ kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní bí wọ́n bá gbé àga òun ga, kí wọ́n ṣáà gbé ti ọ̀gá ga jù ú lọ, ọ̀wọ̀ yóò wà níbi tó wà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Bàbá Yẹ́misí nínú. Ó ránṣẹ́ pe Awótúndé káfíńtà. Awótúndé kan igi mọ́ ẹsẹ̀ àga Tinúkẹ́. Ó kan èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ ti Babáfẹ́mi, kí akọ̀wé má baà wà nísàlẹ̀ taípíìsì. Nígbà tí yóò fi kan ọ̀gá, tó kúrú ju àwọn méjèèjì lọ, àga ti di àjà. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ní Èrúwà lọ́dún náà, ẹsẹ̀ àgbà ni kò tó ilẹ̀.

Tinúkẹ́ wá àpótí mílíìkì, ó gbé ẹsẹ̀ lé e. Igbọ̀nwọ́ bá ẹ̀rọ dọ́gba, èjìká sọ̀ kalẹ̀ kúrò létí. Kí iṣu tuntun tó dé, ó ti ń fún aṣọ, ó sì ti ń wé gèlè fúnra rẹ̀.

Lókè ọ̀hún, orúnkún Bàbá Yẹ́misí ń bá etí tábìlì jà. Bó bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé, a ba kalẹ̀ bíi lékeléke tó rí kòkòrò. Bí ọ̀sán bá pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ a ti wú ju bàtà lọ. Babáfẹ́mi ní kí àwọn bá ọ̀gá wá àpótí fún ẹsẹ̀. Bàbá Yẹ́misí ní aláìsàn ní í gbẹ́sẹ̀ lé àpótí. Àwọn tó bá wá láti Lánlátẹ̀ a máa gbójú sókè kí i bí ẹni tó ń wo máńgòrò tó pọ́n. Bí wọ́n bá bi í léèrè ìdí tó fi ń di ẹ̀yìn mú, a ní iyì ló wúwo.

Ó di ọjọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì, alábẹ̀wò ìjọba, dé láti Ìbàdàn. Ta ni yóò gbé irú àlejò bẹ́ẹ̀ jókòó sísàlẹ̀? Bàbá Yẹ́misí sọ̀ kalẹ̀, Babáfẹ́mi dì í mú, ó sì ní kí àlejò gun àga òun. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì gùn ún. Orúnkún rẹ̀ kọ lu tábìlì. Ó béèrè bóyá àwọn ẹyẹ ni wọ́n ń ṣọ́ níbí. Kò dúró gba ìdáhùn. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n gé gbogbo igi àlẹ̀mọ́ náà kúrò lọ́jọ́ náà gan-an.

Tinúkẹ́ rí ọwọ́ rẹ̀ lójú inú, bí yóò ti tún máa kú. Ó kúnlẹ̀.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo tèmi kí wọ́n tó gé e. Iyì ló gbé tiwọn ga. Tábìlì ló gbé tèmi."

Ó dìde, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé. Alábẹ̀wò wo igbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ lórí àpótí, ó ní kí wọ́n fi ti obìnrin yìí sílẹ̀, kí wọ́n gé ìyókù.

Ayùn Awótúndé ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Yẹ́misí padà sórí ilẹ̀ tí gbogbo wa ń gbé, gèlè Tinúkẹ́ sì ga ju orí rẹ̀ lọ láti àárọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́. Kò lè tako Ìbàdàn, kò sì lè fara dà á. Ó dé fìlà onígogoro, ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó dìde dúró ṣiṣẹ́, ó wá rántí pé àgbà tó dúró níbi tí ọmọdé ti jókòó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Níkẹyìn ó bá Tinúkẹ́ wí lójú gbogbo wọn, ó sì dá a lẹ́bi: kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní gbọ̀ngàn, kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ tó bàjẹ́ sí, kí ògiri ó wà láàárín àwọn méjèèjì.

"Nínú ibẹ̀, ga dé ibi tó bá wù ọ́."

Yàrá náà ní fèrèsé tó kọjú sí igi dóńgóyárò. Atẹ́gùn ń fẹ́ síbẹ̀, eruku kì í débẹ̀, ẹ̀rín Babáfẹ́mi náà kì í débẹ̀. Tinúkẹ́ tẹ orí ba kí wọ́n má baà rí eyín rẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà. Mo gba ìyà mi."

Wọ́n gbé tábìlì, wọ́n gbé àga, òun fúnra rẹ̀ gbé àpótí mílíìkì. Ibẹ̀ ló jẹ ìyà náà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìka rẹ̀ kò sì kú mọ́. Bàbá Yẹ́misí ní tirẹ̀ a máa wí fún àlejò pé kí wọ́n wo gbọ̀ngàn yẹn yí ká, bóyá wọ́n á rí ọmọdé kankan tó ga ju òun lọ.

Awótúndé káfíńtà ló sọ ọ́ fún bàbá mi, bàbá mi sì sọ ọ́ fún mi nígbà tí a ń kọ ebè lóko. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bá Awótúndé wí.