Ta Ló Kọ́kọ́ Kú?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹbí méjèèjì ní lẹ́nu. "Ìyá Jésùtóbi, ta ló kọ́kọ́ kú?" Bí ẹni pé eré sísá ni wọ́n sá.

Orúkọ Ìyá Jésùtóbi gan-an ni Adébùnmí. Ògiri kan ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti ti Festus pẹ̀lú Susanna ìyàwó rẹ̀, nílé kan n'Ígándò. Àárọ̀ Sátidé kan ló kan ilẹ̀kùn wọn títí, jẹnẹrétọ̀ wọn sì ń dún lọ ní kọ́rídọ̀, èéfín rẹ̀ ti kún inú yàrá wọn. Nígbà tí àwọn ará ilé jálẹ̀kùn, òun ló kọ́kọ́ wọlé. Ó fọwọ́ kan Festus, ó ti tutù. Susanna ṣì ń mí. Àwọn ará ilé gbé wọn sínú ọkọ̀ méjì, Adébùnmí nìkan ló bá Susanna jókòó sẹ́yìn. Òkú méjì ni dókítà rí gbà.

Wọn ò bímọ, àwọn òbí wọn sì ti kú. Ibi iṣẹ́ Festus ló bá a ra ínṣọ́ránsì, orúkọ Susanna nìkan ló sì kọ pé kí wọ́n fún lówó náà tóun bá kú. Henry, òṣìṣẹ́ ínṣọ́ránsì, wá ṣàlàyé. Tó bá jẹ́ Festus ló kọ́kọ́ kú, owó ti di ti Susanna nìyẹn, ẹbí Susanna ni yóò jogún rẹ̀. Tó bá jẹ́ Susanna ló ṣáájú, tàbí tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ó di ti ẹbí Festus.

Ni àlejò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya sọ́dọ̀ Adébùnmí. Ọlọ́runṣògo, ẹ̀gbọ́n Susanna, tó ti búra pé òun ò ní tẹ ilé náà torí pé àbúrò òun tẹ̀lé ọkọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, gbé ìrẹsì odidi àpò kan wá. Miriam, àbúrò bàbá Festus, tó máa ń pe Susanna ní àgàn lójúkojú, kó áńkárá dé. Àwọn òkú sì wà ní mọ́ṣúárì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

"Mọ̀mí, ìgbà wo lẹ fẹ́ sin wọ́n?" Adébùnmí bi Miriam.

"Ẹ jẹ́ ká yanjú ti owó yìí ná, jàre. Àwọn tó wà ní mọ́ṣúárì ò kánjú."

Ọ̀rẹ́ Adébùnmí ni wọ́n gbé sínú yìnyín bí ẹja yẹn, òun ò sì ní gbà kó jẹrà síbẹ̀ nítorí owó. Ó dá ìrẹsì padà, ó dá áńkárá padà.

"Ẹ sin wọ́n pọ̀ sójú kan náà," ó wí fún ẹbí méjèèjì. "Létí sàréè ni n óò ti sọ ẹni tó kọ́kọ́ kú."

Àwọn tí kò rówó sìnkú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ojú ò tì wọ́n rárá. Ní Fúráìdé, àwọn aláṣọ funfun kọrin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sọ pósí méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọn ò tíì ṣàmín tán tí Ọlọ́runṣògo fi tan fóònù láti gba ohùn sílẹ̀.

"Festus ló kọ́kọ́ lọ," Adébùnmí wí. "Susanna di ọwọ́ mi mú nínú mọ́tò. Ó ní, 'Ọkọ mi ńkọ́?' Mo ní ó ti jí, pé ó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Irọ́ ni mo pa fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì dákẹ́."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Miriam pòṣé, ó yíjú padà, ó ń wá mọ́tò rẹ̀.

"Hálelúyà!" Ọlọ́runṣògo fò sókè létí sàréè àbúrò rẹ̀. Ó sáré wá gbá ọwọ́ Adébùnmí mú, ọwọ́ kan náà tí Susanna dì mú. "Ọlọ́run á bù kún yín! Ìṣẹ́jú mélòó ló lò lẹ́yìn ọkọ ẹ̀?"

Adébùnmí fa ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fẹ́ dà bo Susanna, ó sì fi fọ ọwọ́ náà.